Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ìkànnì ìjọ yín wà?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ilé tí ẹnì kan ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí fóònù sì wà nínú ilé náà. Ẹ báà jẹ́ Kátólíkì, ẹ báà jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ báà jẹ́ Sẹ̀lẹ́ tàbí ìjọ mìíràn, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń ta gàrí ní ọ̀kan nínú àwọn ọjà wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìjọ rẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lè ṣẹlẹ̀ sí ìjọ yòówù. Ìjọ náà ní ojú-ìwé lórí Facebook. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ìsìn, ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìdúpẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìkéde kan jáde níbẹ̀ pé ọmọ kan nínú ìjọ wà ní ilé ìwòsàn ní Kútọnu, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí olúkúlùkù fi ohun tí Ọlọ́run bá fi sí i lọ́kàn ránṣẹ́ sí nọ́ńbà MoMo kan. Àwòrán pásítọ̀ wà lókè ìkéde náà. Orúkọ ìjọ wà níbẹ̀. Ìyá onígàrí fi 5,000 fránkì ránṣẹ́. Èrè ọjọ́ mélòó kan ni lórí àtẹ rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ kí pásítọ̀. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere?"

Pásítọ̀ wò ó. Ó ní, "Ìyá, ọmọ wo?"

Kò sí ọmọ kankan. Àwọn tí a ń pè ní gaïman ni wọ́n ti gba ojú-ìwé náà mọ́ ìjọ lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló ṣí ojú-ìwé náà. Inú gbogbo ìjọ dùn, wọ́n sì gbàdúrà fún un. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ló fi ṣí i. Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. Nígbà tó yá, ó wá iṣẹ́ lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, káàdì fóònù tó ń lò nílé kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò bá lò fún ìgbà pípẹ́, ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń gbà á padà, wọn a sì tà á fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìjọ, tí kò sì mọ pásítọ̀. Ẹni yìí tẹ nọ́ńbà náà sí Facebook, ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àṣírí òun. Facebook fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà, ilẹ̀kùn sì ṣí. Kò fọ́ ilẹ̀kùn, kò gba ojú fèrèsé wọlé. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà fún un.

A kò bú ọ̀dọ́kùnrin náà. Iṣẹ́ rere ló ṣe, kò sì sí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Ní ilé ìjọsìn tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, àwọn alàgbà mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni náà bá ń rìnrìn àjò, ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan. Kí ló dé tí a kì í bèèrè kọ́kọ́rọ́ ìkànnì ìjọ? Ìkànnì ni a ó máa pe gbogbo wọn níhìn-ín: ibùdó tí ìjọ ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú-ìwé Facebook rẹ̀, gúrúùpù WhatsApp rẹ̀ àti ibi tó ń fi fídíò sí lórí YouTube. Àwọn tó ń wò wọ́n lè pọ̀ ju àwọn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ Àìkú lọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà kan ń sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò bá ti ìjọ mu. A gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìjọ ti ń lo ohun èlò tuntun láti ọjọ́ pípẹ́. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì mú lọ sí Freetown ní Sàró, òun ló kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ fi parí ní 1884. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà.

Ní 1859, Henry Townsend, míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ní èdè Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi àti ìrìn àjò àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ òwò òwú náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí ìjọ àti ẹni tó ń lọ sí ọjà, ìwé kan náà ni wọ́n ń kà.

Ṣùgbọ́n ní 1867, rògbòdìyàn lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n ṣe lọ ni ìwé ìròyìn náà dákẹ́. Ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà wà, ó sì bá wọn lọ. Iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá ní tirẹ̀ kò dákẹ́, nítorí ọwọ́ púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń bá a lọ títí ó fi parí, ó sì wà nínú ilé wa títí dòní. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun kan náà ló ń pa ìkànnì àwọn ìjọ wa lónìí.

Nítòsí wa níbí ńkọ́? Ní Àjàṣẹ́, ní 29 oṣù kẹsàn-án 1947, ni Samuel Biléhou Oshoffa tó jẹ́ káfíńtà dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Àwọn apẹja tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Makoko l'Ékòó ló gbé ìjọ náà kọjá ààlà. Lónìí, ó ti dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ èèyàn ni ìhìn rere fi ń rìn, ẹ̀rọ ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Àwọn Kátólíkì náà kò dúró sẹ́yìn. Ọjọ́ Kérésìmesì 1995 ni ìkànnì Vatican kọ́kọ́ jáde. Sísítà kan láti Amẹ́ríkà, Judith Zoebelein, wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Wọ́n fi orúkọ áńgẹ́lì mẹ́ta sọ àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé e ró: Raphael, Michael àti Gabriel. Ní 2002, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé sí gbogbo ìjọ pé kí wọ́n má bẹ̀rù íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Vatican tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò sí sákírámẹ́ńtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Agogo tó ń pe èèyàn ni, kì í ṣe tábìlì tí a ti ń jẹun.

Ohun tí ọdún 2020 fi hàn wá

Ẹ kò tíì gbàgbé. Ní oṣù kẹta 2020, àrùn Kòrónà dé. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí pa. Wọ́n dí ọ̀nà tó yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ wọn ká. Àjíǹde bọ́ sí 12 oṣù kẹrin lọ́dún náà, a kò sì gbọ́ ìlù. Ní Róòmù, ní ìrọ̀lẹ́ 27 oṣù kẹta, Póòpù Francis dúró nínú òjò ní gbangba Pétérù Mímọ́, láìsí èrò níwájú rẹ̀, tí àwọn èèyàn káàkiri ayé sì ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù. Oṣù kẹfà ni ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn tó ṣí padà lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ìjọ sáré ra kámẹ́rà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fara balẹ̀ wo ohun tó ràn èèyàn lọ́wọ́ jù lọ, kì í ṣe kámẹ́rà. Ìwé orúkọ ni. Ìjọ tó ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sílẹ̀, àdúgbò dé àdúgbò, lè pe ìyá àgbàlagbà tó ń dá gbé, kí ó bi í bóyá ó ti jẹun, bóyá oògùn rẹ̀ kò tíì tán. Fóònù kékeré tí kò mọ Facebook tó fún ìyẹn. Ìjọ tí kò ní ìwé orúkọ, fídíò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní fóònù ńlá nìkan.

Nítorí náà, bí ìjọ yín bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé orúkọ. Kí ẹ mọ ẹni tó ní WhatsApp, ẹni tó ní fóònù kékeré, àti ẹni tí kò ní fóònù rárá tó jẹ́ pé ọmọ ìdílé rẹ̀ ni a ó rán sí i. Bí ẹ bá ti ní ìwé yìí, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ìjọsìn, àwọn kan kò padà wá. Wọ́n ní àwọn ń wo ìsìn lórí fóònù. A kò dá aláìsàn lẹ́bi, a kò sì dá ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè bá èèyàn gbé òkú, kò lè gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, kò sì lè rí i pé aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ló wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìkànnì tó dára a máa mú kí èèyàn wá.

Kí ni èèyàn ń wá níbẹ̀?

Ẹni tó ti Kétu lọ ta àgbàdo ní Àjàṣẹ́, tó sì fẹ́ mọ ibi tí òun ti máa jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú, kò wá ìtàn gígùn nípa olùdásílẹ̀ ìjọ. Ó fẹ́ mọ aago tí ìsìn bẹ̀rẹ̀, àdúgbò tí ilé ìjọsìn wà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọlọ́kadà mọ̀, èdè tí wọ́n fi ń wàásù, àti nọ́ńbà ẹni tí òun lè pè. Ohun márùn-ún yìí ni kí ẹ kọ sókè pátápátá. Bí aago ìsìn bá yí padà, ẹ yí i níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìkànnì tó ń kéde ìkórè ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dà bí ilé tí koríko ti bo ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ ohun tí àwọn ará Nàìjíríà fi ẹ àti ọ kọ, a sì ń kọ sh níbi tí wọ́n ti ń kọ ṣ. Ẹni tó ń wá nǹkan lórí Google pàápàá lè má fi àmì kankan sí i. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ìlú yín ní oríṣi tí àwọn èèyàn ń gbà kọ ọ́: Kétu, Ketu, Kétou. Ẹ kọ ìkéde pàtàkì ní Yorùbá àti ní Faransé. Ẹ má sì kọ ohun gbogbo sínú àwòrán nìkan, nítorí ó ṣòro fún Google láti rí ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, tí fóònù ń ka ọ̀rọ̀ sí létí, lè má gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ohùn ṣe pàtàkì ju ìwé lọ fún ọ̀pọ̀ lára wa. Ìyá tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ ìwàásù níbi àtẹ rẹ̀ láàárín oníbàárà méjì. Bíbélì Yorùbá wà lórí fóònù báyìí, èyí tí a ń kà àti èyí tí a ń gbọ́. Áàpù Bíbélì tí ìjọ Life.Church ní Oklahoma ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2008 ní Yorùbá nínú, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá gbé ohùn ìwàásù sórí káàdì mẹ́mórì ní ìlú lè mú un lọ sí oko níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé.

Mẹ́gà jẹ́ owó

Àwọn tó ń ṣètò ìkànnì máa ń gbàgbé pé ẹni tó ń wò ó ló ń sanwó. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án 2018, nígbà tí ìjọba fẹ́ gba fránkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo ta, wọ́n sì fagi lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ariwo náà fi hàn pé àwọn èèyàn wa ń ka mẹ́gà bí wọ́n ṣe ń ka owó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Fídíò ìsìn wákàtí kan tó mọ́lẹ̀ níwọ̀nba lè jẹ mẹ́gà tó ju 400 lọ. Ká ní owó orí ìgbà yẹn dúró ni, 2,000 fránkì ni ìbá jẹ́ lórí fídíò kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí owó mẹ́gà fúnra rẹ̀. Ohùn ìwàásù náà nìkan, fún wákàtí kan, bí a bá fún un pọ̀ dáadáa, kò tó mẹ́gà 30. Bí a bá sì gé ibi tó ṣe kókó níbẹ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ju mẹ́gà 5 lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Ìjọ tó bá fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yóò dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn tí fídíò wákàtí mẹ́ta kò lè dé.

Ẹyin lọ̀rọ̀

Ohun kan wà tó ń bà wá nínú jẹ́. Ẹ máa rí i nínú gúrúùpù pé: ẹ gbàdúrà fún arábìnrin wa báyìí, àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àrùn báyìí. Ìfẹ́ ni ẹni tó kọ ọ́ fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n èèyàn 200 ló kà á, ọ̀kan nínú wọn fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn, kò sì pẹ́ tó fi dé ọjà. Ẹni tó ń ta aṣọ fún arábìnrin náà ní àwìn ti gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bóyá yóò wà láàyè san gbèsè náà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní owó lọ́wọ́ ni òun ń tà báyìí. Àdúrà ni wọ́n fẹ́ gbà fún un, àtẹ rẹ̀ ni wọ́n tú ká. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òfin nípa íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ ní 20 oṣù kẹrin 2018 dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó kan ara ẹni. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra púpọ̀. Àjọ kan wà tí a ń pè ní APDP tó ń rí sí i. Kí ìjọ tó gbé àwòrán aláìsàn, ti ọmọdé tàbí ti ẹni tó ń sunkún lábẹ́ àdúrà jáde, kí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni náà, tàbí lọ́wọ́ òbí ọmọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà, ó tó kí ẹ sọ pé: ẹ rántí arábìnrin kan nínú wa. Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀.

Bí a ṣe ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Àwọn ọ̀dọ́ mọ fóònù, àwọn àgbà mọ ìjọ. Iṣẹ́ yìí gba àwọn méjèèjì. Ohun tí a rí pé ó ń ṣiṣẹ́ nìwọ̀nyí.

Èkíní, kí ìjọ ra káàdì fóònù tirẹ̀, kí ó má ṣe lo ti ẹnikẹ́ni. Kí káàdì náà wà nínú fóònù kékeré kan nínú àpótí ìjọ, kí ẹnì kan sì máa fi owó díẹ̀ sí i, kí ó sì máa fi pe èèyàn lóṣooṣù, kí ilé-iṣẹ́ fóònù má baà gbà á padà. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ fi ṣí ohun gbogbo.

Èkejì, kí alábòójútó, tí wọ́n ń pè ní ádímìnì, má dín sí mẹ́ta. Kí wọ́n má ti inú ìdílé kan náà wá. Alàgbà kan, obìnrin kan, ọ̀dọ́ kan. Facebook àti WhatsApp gba kí alábòójútó ju ẹyọ kan lọ. Bí ọ̀kan bá rìnrìn àjò, tàbí bí Ọlọ́run bá pè é, iṣẹ́ kò ní dákẹ́ bí ti Abẹ́òkúta ní 1867.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà sínú ìwé, kí ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí akápò sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ ìjọ. Lọ́jọ́ tí alábòójútó kan bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe nítorí pé olè ni. Bí a ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣí lọ ni.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà kan wọ fóònù yín ní àṣìṣe, kí ẹ bá òun kà á, ẹ má kà á fún un. Kódà bí ohùn rẹ̀ bá jọ ti pásítọ̀. Kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín. WhatsApp gba kí ẹ tún fi nọ́ńbà ìdánilójú mẹ́fà mìíràn tì í, èyí tí ẹ̀yin nìkan mọ̀. Ẹ ṣe é lónìí.

Ẹ̀karùn-ún, ìjọ tó bá ní ìkànnì tó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ kí ó mọ̀ pé a kì í ra orúkọ náà kú. Yíyá ni a ń yá a, ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ìjọ sì ń san owó rẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá tí a kò san án, ẹlòmíràn lè gbà á, kí ó sì fi ohun tó wù ú sí i. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú kàlẹ́ńdà ìjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìkórè.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ owó. Kí nọ́ńbà MoMo ìjọ jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ sì fi ẹnu kéde rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Kí gbogbo ìjọ mọ orúkọ tó máa ń jáde lórí fóònù kí èèyàn tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bí orúkọ náà bá yàtọ̀, ẹ dúró. Kí ìjọ sì ṣe òfin kan pé kò sí ọrẹ kankan tí a ó tọrọ lórí fóònù tí a kò kọ́kọ́ kéde nínú ìsìn, tàbí kí ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ pe alàgbà kan tó mọ ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń kánjú ẹ pé kí ẹ san án báyìí báyìí, ẹ fura sí i.

Ẹ máa bèèrè ìjọ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò rí ojú-ìwé yẹn gbà padà. Wọ́n ṣí òmíràn, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta léraléra. Àwọn alàgbà mú 5,000 fránkì láti inú àpò ìjọ, wọ́n gbé e fún ìyá onígàrí. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ti fi í fún Ọlọ́run."

Pásítọ̀ dá a lóhùn pé, "Ìyá, kì í ṣe Ọlọ́run ló gbà á."

Ó gba owó náà, ó dúpẹ́. Ó ṣì ń gbọ́ ìwàásù ìjọ rẹ̀ lórí fóònù níbi àtẹ gàrí. Ṣùgbọ́n kó tó fi owó ránṣẹ́ báyìí, ó máa ń pe alàgbà.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ tó túká, ẹ bi àwọn olórí ìjọ yín ní ìbéèrè kan péré: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ìkànnì wa wà? Bí wọ́n bá ń wo ojú ara wọn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.